ÌRÌN-ÀJÒ ÀWỌN ẸYẸ: NÍBO NI LÉKELÉKE Ń LỌ NÍGBÀ ÒJÒ?

  

Nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí, a kò ní sọ̀rọ̀ lórí àlùwàlá tàbí ogún pípín. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni a fẹ́ sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni o, nítorí ohun tó fà á wá kì í ṣe eré.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, lẹ́yìn tí a parí iṣẹ́ ní iléékéú wa ní Òkìtìpupa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, tí kò ju ọmọ ọdún 11 lọ, sáré wá bá mi pẹ̀lú lékeléke kan lọ́wọ́. Ó ti fi rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń ta ẹyẹ ta á lórí ní pápá ẹ̀yìn ilé. Ẹyẹ náà ti kú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì wà lára ìyẹ́ rẹ̀ funfun. Ọmọ náà rò pé n óò yin òun. Mo bi í pé kí ni ó fẹ́ fi ṣe, nítorí òkúta ló pa á, a kò rí i dúńbú, kò sì sí Mùsùlùmí tó lè jẹ ẹ́ mọ́. Ó dáhùn pé, "Ùsítáàsì, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ mi lè bà á ni." Kí n tó sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ béèrè pé, "Ùsítáàsì, níbo ló ti wá? Nígbà òjò a kì í rí wọn."

Mo gba rọ́bà náà, a gbẹ́ ilẹ̀, a sì bo ẹyẹ náà mọ́lẹ̀. Ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa, nítorí ẹni tí kò mọ ibi tí àlejò ti wá kò lè mọ iyì àlejò.

1. ẸYẸ ONÍLÉ ÀTI ẸYẸ ARÌNRÌN-ÀJÒ

Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá ayé àtijọ́ pín ẹyẹ sí ọ̀nà méjì. Èyí tó ń gbé ibì kan náà ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò ni wọ́n ń pè ní awābid. Ẹ̀gà tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ wa níhìn-ín ní Ìkálẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kò lọ síbì kankan. Èyí tó ń ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn nígbà tí àsìkò bá yí ni wọ́n ń pè ní qawāṭiʿ, láti ara ọ̀rọ̀ náà qaṭaʿa, tí í ṣe kí á gé nǹkan tàbí kí á la ilẹ̀ kọjá. Al-Jāḥiẓ, ọ̀mọ̀wé ará Basra tó kú ní ọdún 255 lẹ́yìn Hijra, kọ ọ̀rọ̀ nípa irú àwọn wọ̀nyí sínú ìwé ńlá rẹ̀ tó ń jẹ́ Kitāb al-Ḥayawān. Ó tilẹ̀ mẹ́nu ba àwọn ẹja tí wọ́n máa ń ti òkun wọ inú odò ìlú rẹ̀ ní àkókò tiwọn lọ́dọọdún.

Lóde òní, ṭuyūr muhājira ni àwọn Lárúbáwá ń pe ẹyẹ arìnrìn-àjò. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ kejì yẹn dáadáa: orísun kan náà ni òun àti Hijra ti wá. Ẹni tó bá sì mọ Súrà Quraysh mọ̀ pé àwọn ará Mọ́kà pàápàá ní ìrìn-àjò méjì lọ́dún: wọ́n ń lọ sí Yemen nígbà òtútù, wọ́n sì ń lọ sí ilẹ̀ Shām nígbà ooru. Ọ̀nà ìjẹ ni wọ́n ń tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyẹ. Kì í ṣe ìgbádùn ló ń gbé e rìn. Oúnjẹ àti ọmọ bíbí ni.

2. LÉKELÉKE ÀTI Ọ̀NÀ RẸ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi náà béèrè ohun tí ọmọbìnrin yìí béèrè. Àgbàlagbà kan dá mi lóhùn pé òkun ni lékeléke ń lọ nígbà òjò, pé iyọ̀ òkun ló ń fọ ìyẹ́ rẹ̀ tó fi funfun tó bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ ti fi kọ́ àwọn àbúrò mi, mo sì ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ iléékéú kí n tó lọ sí yunifásítì. Kí Ọlọ́hun forí jì mí, nítorí ohun tí n kò mọ̀ ni mo sọ bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n.

Ìgbà tí mo lọ sin ilẹ̀ baba wa ní Sókótó ní ọdún 2014 ni ojú mi tó là. Òjò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, mo sì rí igi ńlá kan láàrin ìgboro tí lékeléke bò mọ́lẹ̀ bí òwú. Ìtẹ́ kún orí ẹ̀ka, ìgbẹ́ wọn sì sọ abẹ́ igi náà di funfun. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọ̀ pupa rúsúrúsú wà ní orí àti àyà wọn, èyí tí n kò rí rí ní Òkìtìpupa. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá Hausa kan tó ń ta tíì nítòsí. Ó ní balbela ni wọ́n ń pè é, pé òjò ló ń mú un wá sọ́dọ̀ àwọn, àti pé nígbà tí ọyẹ́ bá dé yóò lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹyẹ tí a ń retí ní gúúsù nígbà ọyẹ́, òun ni wọ́n ń dágbére fún ní àríwá!

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ọdún òyìnbó, bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, lékeléke á bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí ìhà gúúsù Nàìjíríà. Wọn á wà lọ́dọ̀ wa ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, púpọ̀ nínú wọn á padà sí àríwá. Láti Òkìtìpupa dé Sókótó, bí ẹyẹ bá fò gbọọrọ, ó lé ní 700 kìlómítà. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Elgood tó ti kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Fry àti Dowsett, kọ àpilẹ̀kọ pàtàkì kan ní 1973 lórí àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ báyìí nínú Nàìjíríà.

Kí ló dé tí wọn kì í fi í dúró? Ẹ wo oúnjẹ wọn. Tata, ìrẹ̀, eṣinṣin àti ọ̀pọ̀lọ́ kéékèèké ni lékeléke ń jẹ, orí ilẹ̀ ni ó sì ti ń ṣọdẹ. Nígbà òjò, koríko ìhà tiwa á ga, á dí, ilẹ̀ á sì kún fún omi. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kò ní rí ọ̀nà rìn, kò sì ní rí ohun tó wà lábẹ́ koríko. Ṣùgbọ́n ní àríwá, ilẹ̀ tó ti gbẹ fún oṣù púpọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa hu koríko tuntun, kòkòrò á sì pọ̀ yanturu. Ìgbà yẹn ni ó tọ́ láti bímọ, nítorí ọmọ ẹyẹ kò mọ sùúrù. Akọ àti abo jọ ń sàba lé ẹyin ni, fún nǹkan bí ọjọ́ 24, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń wá oúnjẹ fún ọmọ. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú tí mo rí yẹn ni aṣọ ìgbéyàwó wọn. Bí wọ́n bá fi máa padà sọ́dọ̀ wa, wọ́n ti bọ́ ọ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eégbọn ara màlúù ni lékeléke ń tẹ̀ lé. Lóòótọ́ ó lè ṣá kòkòrò lára màlúù, ṣùgbọ́n tata tí ẹsẹ̀ màlúù ń lé sókè nínú koríko ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń tẹ̀ lé ẹni tó ń gé koríko ní pápá, àti katakata tó ń túlẹ̀. Ẹ tún kíyè sí i pé ọ̀nà kan náà ni àwọn Fúlàní darandaran ti ń tọ̀ láti ayébáyé: àríwá nígbà òjò, gúúsù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Màlúù ń wá koríko, lékeléke ń wá tata, ojú ọ̀nà kan ni wọ́n sì jọ ń rìn.

Ẹyẹ yìí kò tilẹ̀ fi mọ sí Áfíríkà. Ní nǹkan bí ọdún 1877 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ìhà àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ó ti fò la òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Ní 1941 wọ́n rí i ní Florida, nígbà tó sì di 1953 ó ti ń kọ́ ìtẹ́ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e lọ. Ìyẹ́ rẹ̀ ló gbé e.

Àwòdì náà ń ṣe irú ìrìn yìí, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀ ní ọ̀nà kan. Ọ̀dọ̀ wa ní gúúsù ni ó ti ń bímọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àríwá ni ó sì ń lọ nígbà òjò. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń sin adìyẹ mọ̀ ìgbà tí òròmọdìyẹ máa ń bọ́ lọ jù.

3. ÀWỌN ẸYẸ ETÍ ÒKUN

Wàyí o, àgbàlagbà tó sọ fún mi pé òkun ni lékeléke ń lọ kò ṣìnà pátápátá. Ẹyẹ funfun wà ní òkun lóòótọ́. Òun ló pa wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ kí á gba ọ̀nà Igbókòdá, kí á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìhà Ayétòrò lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Nígbà ọyẹ́, ẹyẹ funfun àti eléérú máa ń tẹ̀ lé ọkọ̀ apẹja níbẹ̀, wọ́n ń retí ẹja kéékèèké tí wọn yóò dà nù. Nínú irú àwọn ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí Lárúbáwá ń pè ní nawras, tí òyìnbó ń pè ní gull, wà.

Nawras tó ń wá sí etí òkun Nàìjíríà jù ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀ dúdú bí ẹ̀ẹ́dú tó ti ń ṣá, tí àyà rẹ̀ funfun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pupa bí ọsàn tó ń pọ́n. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àmì tótòtó aláwọ̀ ilẹ̀, ó sì ń gbà wọ́n tó ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó wọ aṣọ àgbà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Holland àti àwọn ilẹ̀ ìhà àríwá Yúróòpù ni wọ́n ti ń pa ẹyin. Bí ooru ibẹ̀ bá ti ń tán, ní nǹkan bí oṣù keje sí ìkẹsàn-án, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀: wọn á gba etí òkun Faransé, Spain àti Portugal, dé Morocco, dé Mauritania àti Senegal. Àwọn kan á tún tẹ̀ síwájú dé ìhà tiwa. Nawras kì í dá ara rẹ̀ lágara. Ó ń jẹun lójú ọ̀nà, ó ń sinmi lórí iyanrìn, ó sì ń sùn lórí omi. Ní oṣù kejì sí ìkẹrin, àwọn àgbà á padà lọ bímọ. Àwọn ọmọdé inú wọn sì lè dúró sí Áfíríkà kọjá ọdún kan, nítorí wọn kò tíì ní ohun tí wọ́n ń lọ ṣe nílé.

Àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń gbé ìhà òkun Baltic ń gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń la ìlà-oòrùn Yúróòpù kọjá, wọ́n ń gba odò Náílì lọ sí àwọn adágún Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, títí dé adágún Victoria. Irú ẹyẹ kan, ọ̀nà méjì. Ohun kan tún ti ń yí padà láti nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn: púpọ̀ nínú àwọn nawras wọ̀nyí kì í dé Áfíríkà mọ́. Wọ́n ń dúró sí Spain àti Portugal, tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, nítorí òtútù ibẹ̀ ti dínkù, ààtàn ńláńlá sì ń fún wọn lóúnjẹ. Ẹyẹ tó bá rí oúnjẹ nítòsí, kí ló fẹ́ wá jìnnà fún?

Ẹyẹ mìíràn tún wà tó jọ nawras, ṣùgbọ́n tó kéré jù ú lọ, tí ìrù rẹ̀ là sí méjì, tó sì máa ń já bọ́ sínú omi bí òkò láti mú ẹja. Tern ni òyìnbó ń pè é. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló ń ti Yúróòpù wá lo ìgbà òtútù ní etí òkun láti Senegal dé Ghana àti ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó ń gbé ilẹ̀ yìnyín àríwá ló jìnnà jù nínú gbogbo ẹyẹ ayé. Kò wúwo ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ, síbẹ̀ ó ń lọ láti òkè ayé dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ń padà lọ́dọọdún. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ kékeré tí kò wúwo tó gíráàmù méjì mọ́ àwọn kan lẹ́sẹ̀ ní Greenland ní 2007. Ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní 2010 ni pé wọ́n rin nǹkan bí 70,000 kìlómítà lọ́dún kan. Àwọn kan nínú wọn sì gba ẹ̀gbẹ́ etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá.

4. BÁWO NI A ṢE MỌ̀?

Ẹni tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gidi kò ní ṣàìbéèrè pé: ta ló tẹ̀ lé ẹyẹ débẹ̀? Ìbéèrè tó dára ni. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn òyìnbó gan-an kò mọ̀. Aristotle kọ ọ́ pé àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ń sá pamọ́ sínú ihò nígbà òtútù, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n sì sọ pé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n ń sùn sí. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe àgbàlagbà tèmi nìkan ló ṣì í?

Ní 1822, wọ́n yìnbọn pa ẹyẹ àkọ̀ funfun kan nítòsí Klütz ní Jámánì. Nígbà tí wọ́n gbé e, wọ́n rí ọ̀kọ̀ gígùn kan tó gún un lọ́rùn já sí òdìkejì. Igi ọ̀kọ̀ náà kì í ṣe igi ilẹ̀ wọn. Áfíríkà ni. Ọdẹ kan ní ilẹ̀ wa ti gún ẹyẹ yìí, ẹyẹ náà sì gbé ọ̀kọ̀ padà sílé. Ẹyẹ yẹn ṣì wà ní Yunifásítì Rostock títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ kan ní Viborg ní ilẹ̀ Denmark, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hans Christian Mortensen, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka alumíníọ̀mù sí ẹsẹ̀ ẹyẹ ní 1899. Ó kọ nọ́ńbà àti àdírẹ́sì sí i lára, kí ẹni tó bá rí ẹyẹ náà níbòmíràn lè kọ̀wé sí i. Ẹ ṣàkíyèsí o: olùkọ́ ilé-ìwé ni, bíi tiwa. Láti ìgbà náà wá ni òrùka ti di ọ̀nà pàtàkì tí a fi ń mọ ibi tí ẹyẹ ń lọ. Bí ẹ̀yin tó wà létí odò tàbí létí òkun bá rí ẹyẹ tó ti kú pẹ̀lú òrùka lẹ́sẹ̀, ẹ má ṣe fi òrùka náà ṣeré. Ẹ kọ nọ́ńbà àti àdírẹ́sì ara rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Lẹ́tà ni.

Nínú Nàìjíríà níhìn-ín, ibì kan wà tí àwọn olùfi-òrùka-sẹ́yẹ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ebbaken ní Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River ni. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ láti Yúróòpù máa ń kóra jọ síbẹ̀ láti sùn nínú koríko gíga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iye wọn sì lé ní mílíọ̀nù kan. Kì í ṣe àwọn tó ń fi amọ̀ kọ́lé sí abẹ́ òrùlé wa ni o. Onílé ni tiwa. Àwọn ti Yúróòpù kì í bímọ lọ́dọ̀ wa rárá. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

5. TA LÓ Ń FI Ọ̀NÀ HÀN WỌ́N?

Àwọn onímọ̀ ti wádìí èyí púpọ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n rí dájú:

(a) Oòrùn. Ẹyẹ ń fi ibi tí oòrùn wà mọ ọ̀nà, ó sì ń ṣírò bí oòrùn ṣe ń rìn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

(b) Ìràwọ̀. Àwọn tó ń fò lóru ń wo ìràwọ̀ bí àwọn arìnrìn-àjò aṣálẹ̀ ṣe ń ṣe.

(d) Agbára òòfà ilẹ̀ ayé, èyí tó ń mú kí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kọjú sí àríwá. Ẹyẹ ń mọ̀ ọ́n lára láìsí kọ́ńpáàsì.

Bí àsìkò bá tó, ẹyẹ tó wà nínú àgò pàápàá kì í lè jókòó mọ́. Á máa fò síhà tí ó yẹ kó lọ. Ṣáájú ìyẹn, á ti jẹun gidigidi. Ẹyẹ kékeré mìíràn máa ń sanra títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po méjì, nítorí aṣálẹ̀ Sàhárà tó wà níwájú rẹ̀ fẹ̀ tó 1,500 kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rá ara rẹ̀ ni epo ọkọ̀ rẹ̀. Hud-hud, ẹyẹ tí Súrà Naml sọ ìtàn òun àti Ànábì Sulaymān, wà lára àwọn tó ń la aṣálẹ̀ yìí kọjá láti Yúróòpù.

Ọmọ ẹyẹ mìíràn ń bá àgbà rìn, ó ń kọ́ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan wà ní Yúróòpù, cuckoo ni orúkọ rẹ̀, tó ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ á ti lọ sí Áfíríkà kí ọmọ tó lè fò. Ọmọ yìí kò mọ ìyá, kò mọ bàbá, ẹni tó tọ́ ọ kò mọ ọ̀nà Áfíríkà, síbẹ̀ òun nìkan á dìde, á sì dé ibi tí ìyá rẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí ni mo tó mọ ìdí tí Súrà Mulk, nínú ẹsẹ̀ 19, fi pè wá pé kí á wo àwọn ẹyẹ lókè orí wa. Mo ti kà á láìmọye ìgbà láti kékeré. N kò wòkè rí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a máa ń ṣì lò. A ti gbọ́ hádíìsì tó fi ẹyẹ ṣe àpèjúwe ìgbẹ́kẹ̀lé nínú Ọlọ́hun, pé ó ń jáde ní àárọ̀ pẹ̀lú ebi, ó sì ń padà ní yíyó. Àwọn ọ̀dọ́ kan fi ń jókòó sílé. Ẹ̀yin ará, ẹyẹ inú hádíìsì yẹn jáde! Lékeléke ń fò láti Sókótó wá sí Òkìtìpupa nítorí tata.

6. OṢÙ ÒÒRÙN ÀTI OṢÙ ÒṢÙPÁ

Ọmọ kan lè béèrè pé, ṣé oṣù Rajab ni lékeléke ń dé ni, tàbí Shaʿbān? Ìdáhùn ni pé kalẹ́ńdà òòrùn ni ẹyẹ ń tẹ̀ lé, nítorí òòrùn ló ni òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún òṣùpá tiwa fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kéré sí ọdún òòrùn, nítorí náà ààwẹ̀ ń yí káàkiri gbogbo àsìkò láàrin nǹkan bí ọdún 33. Nínú Rámàdáànì ọdún 1421, tó bọ́ sí oṣù kọkànlá àti ìkejìlá ọdún 2000, ọmọ iléékéú ni mí ní Òkìtìpupa, lékeléke sì kún pápá wa. Nínú Rámàdáànì ọdún 1435, tó bọ́ sí oṣù kẹfà àti ìkeje ọdún 2014, Sókótó ni mo ti gbààwẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà. Èmi ni mo yí àyè padà. Ẹyẹ kò yẹ àdéhùn. Ọlọ́hun fi òòrùn àti òṣùpá ṣe ìṣirò fún wa, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí mọ ìlò méjèèjì.

7. EWU OJÚ Ọ̀NÀ ÀTI ÌPÍN TIWA NÍNÚ RẸ̀

Ẹyẹ tó ti la aṣálẹ̀ kọjá tàbí tó ti fò la Nàìjíríà já, ọwọ́ ọmọdé ló lè kú sí. Àwọn àgbà wa ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ní etí òkun Ghana, àwọn ọmọ máa ń dẹ okùn fún àwọn tern lórí iyanrìn, kìkì fún eré, títí iye àwọn tó ń padà sí Yúróòpù fi ń kó àwọn onímọ̀ láyà sókè. Láti 1985 ni wọ́n ti dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ láti dáàbò bo ẹyẹ etí òkun, ilé-ìwé ni wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, nítorí ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé ni okùn wà. Ọ̀rọ̀ náà kò ta kété sí ẹ̀sìn wa: Ànábì wa kọ̀ fún wa láti fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe ohun tí a ń dánra wò lé lórí.

Èkejì ni májèlé. Àwọn kan ń da oògùn kòkòrò Gammalin 20 sínú odò láti fi pa ẹja. Ẹja á léfòó, ẹyẹ á jẹ ẹ́, ènìyàn náà á sì jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe èyí ní odò wa, kì í ṣe ẹja nìkan ló ń pa. Ìdílé rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni epo rọ̀bì. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, epo tú sínú òkun láti ọ̀pá epo Idoho ní ìhà Akwa Ibom, nǹkan bí àgbá 40,000 ni, ìgbì sì gbé e lọ títí dé etí òkun Èkó. Láàrin Akwa Ibom àti Èkó ni etí òkun Ìlàjẹ wà. Oṣù kìíní sì ni ìgbà tí àwọn ẹyẹ àlejò pọ̀ níbẹ̀ jù. Ìyẹ́ tí epo bá rìn kò lè gbé ẹyẹ mọ́, kò sì lè bò ó lọ́wọ́ omi.

Nítorí pé ẹyẹ kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn kan ní Bonn ní Jámánì ní 1979 láti dáàbò bo ẹ̀dá arìnrìn-àjò, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn Bonn kò lè gba rọ́bà lọ́wọ́ ọmọ ní Òkìtìpupa. Ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n àti olùkọ́ ni yóò gbà á.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

N kò na ọmọkùnrin yẹn. Mo fún un ní ìwé kékeré kan, mo sì ní kí ó máa kọ ọjọ́ tí ó bá rí lékeléke kẹ́yìn kí òjò tó dé, àti ọjọ́ tí ó bá rí èyí tó kọ́kọ́ padà. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró lọ́dún yìí, ó wá bá mi kí n tó wọ kíláàsì, ó ń mí gúlegúle. Ó ní, "Ùsítáàsì, wọ́n ti dé! Mẹ́ta ni. Ọwọ́ mi bà wọ́n, ṣùgbọ́n n kò ju nǹkan kan." Mo ní kó ṣí ìwé rẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i. Ó kọ ọ́ ní Lárúbáwá, ó sì kọ ọ́ ní Yorùbá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, láti Igbótako dé Òde-Ìrèlè, kọ ọjọ́ tí wọ́n rí lékeléke àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fi pamọ́ fún ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, a ó jọ wò ó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin awābid àti qawāṭiʿ? Dárúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan láti àdúgbò rẹ.
2. Kí ló dé tí lékeléke fi ń fi gúúsù sílẹ̀ nígbà òjò? Báwo ni ti àwòdì ṣe yàtọ̀?
3. Ọ̀nà méjì wo ni nawras ń gbà wá sí Áfíríkà?
4. Kí ni ọ̀kọ̀ tó wà lọ́rùn àkọ̀ kọ́ àwọn ènìyàn ní 1822?
5. Ǹjẹ́ o ti sọ ohun tí o kò mọ̀ fún ọmọdé rí bí ẹni pé o mọ̀ ọ́n? Báwo ni o ṣe lè tún un ṣe?